Bí Ó Bá Jẹ Ńkọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn láti bi ni ṣùgbọ́n tí kò rọrùn láti dáhùn. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá ṣe ohun kan, tí ohun náà sì yọrí sí rere fún un, ǹjẹ́ a lè torí rere náà sọ pé ohun tí ó ṣe dára? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn kíá pé rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìṣe wa lójoojúmọ́, a óò rí i pé ohun tí ẹnu wa ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ó léwu tí ó sì kógo já, akin ni a ń pè é. Ẹni tí ó bá ṣe irú ohun kan náà tí ó sì kàgbákò, òmùgọ̀ ni a ń pè é. Ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni a fún un. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìwà rere kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi í bi mí ní ojúkorojú.

Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2025. Ìlọrin ṣì ń ṣe ọdún Iléyá lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ni àwọn ènìyàn kírun ọdún. Ní GRA, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kì í sábà sí ariwo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òórùn ẹran díndín ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọmọdé sì ń gbé àwo oúnjẹ kiri láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ àbúrò mi kan tí ó ti di olóògbé wá kí mi kú ọdún. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń retí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìyá rẹ̀, tí ó ti di opó, ń ta èlùbọ́ ní Ọjà-Ọba. Nígbà tí a jẹun tán, ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wo eré tẹ́nìsì kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Inú mi dùn sí i, nítorí èmi náà fẹ́ràn eré náà.

Àṣekágbá ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Roland Garros, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní ìlú Párísì ní ilẹ̀ Faransé, ni a wò. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń gbá a. Ilẹ̀ amọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n bíríkì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n dà sí ojú rẹ̀, òkúta funfun tí wọ́n rún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í yára bí ó ti ń yára lórí koríko. Ó máa ń ta sókè, ẹni tí ó wà lódìkejì a sì ráyè sáré bá a. Nítorí náà ni eré fi máa ń pẹ́ níbẹ̀, tí sùúrù àti ìfaradà sì fi máa ń ṣe ju ọwọ́ líle lọ.

Jannik Sinner ará Ítálì ni ó kojú Carlos Alcaraz ará Sípéènì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba ìpele mẹ́ta ni yóò borí. Sinner gba ìpele kìíní pẹ̀lú 6 sí 4, ó sì gba ìkejì pẹ̀lú 7 sí 6. Alcaraz gba ìkẹta pẹ̀lú 6 sí 4. Ní ìpele kẹrin, Sinner ti ní 5, Alcaraz ní 3, ó sì wá ku àmì kan ṣoṣo kí Sinner gba ife. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni àǹfààní yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Alcaraz gba ìpele náà, ó sì gba ìkarùn-ún, 7 sí 6 ni méjèèjì. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 29 ni wọ́n fi gbá a, kò sì sí àṣekágbá kan tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Roland Garros. Ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìlọrin kí wọ́n tó parí.

Èmi ti dìde lórí àga, mo ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọ náà tí ó dorí kodò, tí òógùn bò ó bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó sá gbogbo eré náà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Ṣé ará ilé rẹ ni Sinner ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú, ó jẹ́wọ́ fún mi.

Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ yìí ni ó máa ń bá a fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣáájú ọdún, ìyá náà ti fi ₦60,000 sí ọwọ́ rẹ̀, owó àwọn tí wọ́n ti Ṣakí kó èlùbọ́ fún un ní àwìn, pé kí ó fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ Ajé. Gbogbo owó náà ni ọmọ yìí fi ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù rẹ̀ pé Sinner ni yóò borí. Bí Sinner bá borí, owó náà yóò lé ní ìlọ́po méjì. Yóò fi ti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, yóò mú ìyókù, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀.

Mo bínú gidigidi, mo sì bá a wí bí a ti ń bá ọmọ wí. Mo rán an létí bàbá rẹ̀ tí ó ti kú àti ìyá rẹ̀ tí ó ń jókòó sínú oòrùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbó mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Àmì kan ṣoṣo ni ó kù. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan yẹn wọlé, ṣé ẹ̀ bá bá mi wí báyìí? Bí ó bá jẹ ńkọ́?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín nísinsìnyí.

Ní ọdún 1980, olùkọ́ ọ̀dọ́ ni mí, n kò sì tíì lo ọdún méjì lẹ́yìn tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Púùlù ni ó gbòde nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ wá, àwa náà kò sì rí wọn rí. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àgbàlagbà a jókòó ti rédíò, wọn a sì máa fi bírò sàmì sí ìwé láti mọ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ta ọ̀mì. Owó aṣọ eré ìdárayá tí àwọn ọmọ kíláàsì mi dá, náírà 12, wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọwọ́ mi gbẹ, mo mú náírà márùn-ún níbẹ̀, mo fi ta púùlù. Mo ti pinnu láti dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Mo jẹ. Mo dá náírà márùn-ún padà, mo sì fi ìyókù ra rédíò kékeré kan. Ọ̀gá mi kí mi kú oríire rédíò. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gba aṣọ wọn. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, èmi náà kò sì bá ara mi wí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òtítọ́ láàárọ̀, mo sì ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò náà lálẹ́.

Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi? Àwa méjèèjì mú owó tí a fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́. Àwa méjèèjì pinnu láti dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Àwa méjèèjì gbé e lé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àjèjì tí ó wà ní òkè òkun. Èmi jẹ, òun kò jẹ: ìyàtọ̀ náà kò ju èyí lọ. Èmi sì ni mo dúró tí mo ń bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹsẹẹsẹ, nítorí àwọn tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n, àwíjàre wọn sì yẹ ní gbígbọ́.

Àwíjàre kìíní ni pé tẹ́tẹ́ ni gbogbo ayé. Ọmọ náà sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu kò mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀, oníṣòwò tí ó ra kòkó kò sì mọ̀ bóyá kòkó yóò wọ́n. Kí ni ó wá dé tí a kò pe ti àwọn ní tẹ́tẹ́? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Lóòótọ́, ewu wà nínú iṣẹ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí ewu bá ti kọjá. Bí òjò bá rọ̀, iṣu tí kò sí láyé tẹ́lẹ̀ ti wà; àgbẹ̀ rí owó, ẹni tí ó rà á sì rí oúnjẹ. Bí òjò kò bá tilẹ̀ rọ̀, àgbẹ̀ ti mọ ilẹ̀ rẹ̀ sí i. Oníṣòwò gbé ọjà láti ibi tí ó pọ̀ sí lọ sí ibi tí ó ti wọ́n, àwọn tí ó bá níbẹ̀ sì jàǹfààní. Ìyá ọmọ yìí pàápàá ń fi owó sínú ewu ní gbogbo ìgbà tí ó bá kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí, ṣùgbọ́n àmàlà ni ewu tirẹ̀ ń dà lórí tábìlì àwọn ará Ìlọrin. Ẹni tí ó gbé ₦60,000 lé Sinner kò fi okun kankan kún apá Sinner. Kò gbin nǹkan kan, kò rù nǹkan kan, kò tún nǹkan kan ṣe. Owó tí ì bá jẹ, owó ẹlòmíràn tí ó gbé tirẹ̀ lé Alcaraz ni. Kí ọ̀kan tó yọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ sunkún.

Àwíjàre kejì ni ti ìmọ̀. "Mo mọ eré náà dáadáa," ni wọ́n máa ń wí. Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Rafael Nadal ará Sípéènì gba ife Roland Garros ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá láàárín ọdún 2005 sí ọdún 2022. Láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó gbá ìdíje 31, ó sì borí nínú gbogbo wọn. Bí ohun kan bá wà nínú eré ìdárayá tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, òun ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2009, Robin Söderling ará Sùwídìn borí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé owó lé Nadal lọ́jọ́ náà mọ tẹ́nìsì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ohun tí ó ti kọjá. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹnì kan wà ṣá tí kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ oríire, òun náà ni ẹni tí ó ni ilé tẹ́tẹ́. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín. Bí eléré méjì bá dọ́gba délẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí ẹni tí ó fi ₦100 ta gba ₦200 bí ó bá jẹ. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ kì í san iye tí ó tọ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ní ó ń san ₦190. Bí ọmọ kan bá ta lé eléré kìíní, tí ọmọ kejì sì ta lé eléré kejì, ₦200 wọlé, ₦190 jáde, ₦10 sì kù, ẹni yòówù kí ó borí. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a so ìdíje márùn-ún irú èyí mọ́ ara wọn, bí àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ràn láti máa ṣe, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bọ́ sí i kí ènìyàn tó jẹ. Ọ̀nà 32 ni ìdíje márùn-ún lè gbà parí. Bí ọmọ 32 bá fi ₦100 ta, tí olúkúlùkù mú ọ̀nà tirẹ̀, ₦3,200 ni wọ́n dá. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ, yóò sì gba ₦2,476. ₦724 yóò kù sílẹ̀ fún onílé tẹ́tẹ́, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó náà. Àwọn 31 yóò lọ sílé ní òfo. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí ó jẹ ni gbogbo àdúgbò yóò gbọ́ ìròyìn rẹ̀, nítorí ẹni tí ó jẹ a máa pariwo, ẹni tí kò jẹ a máa dákẹ́.

Àwíjàre kẹta ni èyí tí ó le jù: "Owó mi ni, n kò ja ẹnikẹ́ni lólè." Ọmọ àbúrò mi kò lè sọ èyí. Òfin gba ẹni ọdún 19 láàyè láti ta tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó gbà á láàyè láti fi owó ìyá rẹ̀ ta á. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ gbà pé tirẹ̀ ni. Èmi àti òun jókòó nínú yàrá kan náà, a wo eré kan náà. Nígbà tí ó ku àmì kan kí wọ́n borí Alcaraz, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ̀ láti túúbá, mo rí ohun kan tí ó wú mi lórí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ tí mo kọ́ rí. Ọmọ àbúrò mi kò rí i. Ní àkókò náà, ó ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà yẹ̀. Owó ti bo ojú rẹ̀. Bíbélì sọ fún wa pé àwọn ọmọ-ogun ṣẹ́ kèké lé aṣọ Jésù nígbà tí ó wà lórí àgbélébùú; ẹni tí ń jẹ ìrora wà lókè orí wọn, aṣọ ni wọ́n ń wò. Al-Kùránì náà ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí nínú ohun tí ó ní kí á sá fún, ó sì sọ pé ìkórìíra ni wọ́n ń gbìn sáàárín ènìyàn.

Ìkórìíra náà kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2025, àjọ tẹ́nìsì àwọn obìnrin àti àjọ tẹ́nìsì àgbáyé kéde pé ní ọdún 2024, nǹkan bí 8,000 ọ̀rọ̀ èébú àti ìhalẹ̀ ni àwọn ènìyàn kọ sí àwọn eléré 458 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí inú ń bí nítorí pé wọ́n pàdánù tẹ́tẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ní ìlú Sopot ní ilẹ̀ Pólándì, lórí ilẹ̀ amọ̀ bákan náà, Nikolay Davydenko ará Rọ́ṣíà, tí ó wà ní ipò kẹrin láyé, kojú Martín Vassallo Argüello ará Ajẹntínà, tí ó wà ní ipò 87. Davydenko gba ìpele kìíní, síbẹ̀ owó àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ ń ya lé ẹnìkejì rẹ̀ lórí. Nígbà tí ó di ìpele kẹta, Davydenko ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù méje dọ́là ni wọ́n ti ta lé eré kan yìí lórí. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba tẹ́tẹ́ náà fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wádìí àwọn eléré méjèèjì, wọn kò sì rí ohun kan tí wọ́n fi dá wọn lẹ́bi. Ẹ rò ó wò. Níbi tí owó tẹ́tẹ́ bá ti wọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun kí á gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ náà nísinsìnyí. Bí ó bá jẹ ńkọ́?

Ẹ fojú inú wo awakọ̀ méjì ní ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjèèjì ń sáré àsápajúdé, àwọn méjèèjì sì kọjá ọkọ̀ tí ó wà níwájú wọn ní ibi tí ọ̀nà ti yí, tí ojú kò ti rí iwájú. Ọ̀nà ṣófo fún ẹni àkọ́kọ́, ó sì délé láyọ̀. Ẹnìkejì pàdé ọmọdé kan tí ó ń sọdá. Adájọ́ yóò fi ẹnìkejì sẹ́wọ̀n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì yí ọwọ́ ọkọ̀ wọn, ìpinnu kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n gbà láti fi ẹ̀mí ẹni tí wọn kò rí ta ọ̀pá. Ọ̀nà tí ó ṣófo kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́, kò sì lè gba ìyìn rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ìpinnu rẹ̀, ìpinnu náà sì burú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọmọ àbúrò mi. Kí Sinner tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Párísì, ohun tí ó burú ti ṣẹlẹ̀ tán ní Ìlọrin. Ìyá kan fi ọkàn tán ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà mú ìfọkàntán náà, ó gbé e lé orí ohun tí kò ní agbára kankan lé lórí. Bí bọ́ọ̀lù kan yẹn bá wọlé, owó ìyá rẹ̀ ì bá padà, ṣùgbọ́n ìfọkàntán náà kò ní padà. Yóò kàn jẹ́ pé ìyá kò mọ̀ pé ó ti sọnù ni. Bí bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí nínú kíláàsì mi ní ọdún 1980. Náírà márùn-ún padà sínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí àwọn ọmọ náà rò pé àwọn ní kò padà.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó mú kí ti ẹni tí ó jẹ burú ju ti ẹni tí kò jẹ lọ. Ìyà a máa kọ́ni. Èrè kì í kọ́ni ní nǹkan mìíràn ju pé kí á tún ṣe é. Ọmọ àbúrò mi pàdánù ní ọjọ́ kan, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà. Èmi jẹ ní ọjọ́ kan, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi ń ta púùlù lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń wá ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn kiri, títí mo fi ta rédíò náà láti fi ta púùlù. Ẹni tí ó pàdánù, owó rẹ̀ ni tẹ́tẹ́ jẹ. Ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo mú ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ láti sọ fún ọ, ṣùgbọ́n èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ tèmi." Mo sọ ìtàn náírà márùn-ún fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí yóò fọhùn, kò bá ọmọ rẹ̀ wí; èmi ni ó kọjú sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ká ní ó jẹ, tí ó wá fún mi lówó ọdún nínú rẹ̀, ǹ bá gbàdúrà fún un ni. N kò ní béèrè ibi tí ó ti rí i. Ìyẹn gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù."

Obìnrin náà kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó rí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ju èmi lọ.

Ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ṣakí lórí fóònù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n gbà, nítorí kò já wọn kulẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbà bí owó. Mo lè san ₦60,000 náà fún un, ó sì wá sí mi lọ́kàn láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò san án. Bí mo bá san án, mo ti sọ ọmọ náà di ẹni tí ó jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru àpò èlùbọ́ ní Ọjà-Ọba, fún ìyá rẹ̀ àti fún àwọn mìíràn, ó sì ń kó owó náà fún ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó san án tán kí ọdún náà tó parí. Àwọn tí mo gba náírà márùn-ún wọn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ nísinsìnyí. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ka ìwé yìí, kí ó mọ̀ pé mo tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè bá yín dé gbogbo ibi tí ẹ ó lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ yín, ilé tẹ́tẹ́ sì wà nínú fóònù. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín, tí ẹ lè bi ara yín kí ọwọ́ yín tó kan owó, kí bọ́ọ̀lù tó ta, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò borí: ǹjẹ́ mo lè dúró níwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un ní ojú ara wa? Bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá jẹ nìkan ni ẹ lè sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ohun tí oríire nìkan lè dá láre, ó ti jẹ̀bi kí ó tó bẹ̀rẹ̀.